Backdoor nínú kọ̀ǹpútà: Defender ni, Malwarebytes ni, Autoruns ni, àbí kẹ́ ẹ kúkú fọ́ọ̀mátì ẹ̀?

Ìbéèrè táwọn èèyàn máa ń bi mí jù ni pé antivirus wo ló lágbára jù. Tí mo bá wá ní kí wọ́n ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n á ní kọ̀ǹpútà àwọn ń ṣe nǹkan fúnra ẹ̀, antivirus tó wà níbẹ̀ ti kú kò sì fẹ́ tàn mọ́, ẹnì kan tún ti fi íméèlì àwọn kọ̀wé sáwọn oníbàárà pé kí wọ́n máa sanwó sí àkáǹtì míì. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìyẹn ti kọjá fáírọ́ọ̀sì lásán. Fáírọ́ọ̀sì lásán, ohun tí wọ́n kọ sínú ẹ̀ náà ló máa ṣe, kò lè ronú. Ti backdoor, ìyẹn àápù tó ń ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sínú kọ̀ǹpútà yín, èèyàn ló wà lẹ́yìn ẹ̀, ó jókòó síbì kan tó ń wo ojú kọ̀ǹpútà yín, ó ń ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá tẹ̀, ó lè kó fáìlì, ó lè tan kámẹ́rà, tó bá sì fura pé ẹ ti ń wá òun, ó lè gbé òmíì wọlé kẹ́ ẹ tó rí àkọ́kọ́ yọ. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń fi agbára antivirus yan ohun tí màá lò. Ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà yẹn àti ohun tẹ́ni yẹn ti lè rí kó ni mo fi ń yàn, bí màá sì ṣe fi Defender, Malwarebytes, Autoruns àti fọ́ọ̀mátì wéra nìyí.

Ẹni tó ń ṣe é ò sì nílò ọgbọ́n àrà ọ̀tọ̀ kankan o, owó lásán ló nílò. Blackshades, backdoor kan tí FBI kó àwọn tó ń tà á àtàwọn tó ń rà á ní 2014, ẹ lè rí i rà ní 40 dọ́là, ó sì wọ kọ̀ǹpútà tó lé ní ìdajì mílíọ̀nù káàkiri ayé. Ọ̀rọ̀ náà ò jìnnà sílé. Ní 2022, INTERPOL àti EFCC mú ọkùnrin mẹ́ta ní Nàìjíríà nínú iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní Killer Bee, backdoor tó ń jẹ́ Agent Tesla wà lára ohun tí wọ́n ní wọ́n fi ń ṣe jìbìtì. Ní February 2024, nígbà tí Amẹ́ríkà gba ojú ìwé tí wọ́n ti ń ta Warzone RAT, backdoor míì, lọ́wọ́ wọn, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n mú wà ní Malta, ìkejì sì rèé, Nàìjíríà ni wọ́n ti mú un. Agent Tesla yìí, íméèlì ló sábà máa ń gbà wọlé, á pe ara ẹ̀ ní invoice tàbí payment slip, irú fáìlì táwọn oníṣòwò wa ń ṣí lójoojúmọ́ láìronú.

Kẹ́ ẹ tó yan ohunkóhun

Ẹ já íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ pa Wi-Fi, ẹ yọ MiFi, ẹ má sì tan hotspot fóònù sí i. Backdoor tí ò rí íntánẹ́ẹ̀tì ò lè gbọ́ àṣẹ, kò sì lè rí nǹkan gbé jáde. Lẹ́yìn náà ẹ mú fóònù, kì í ṣe kọ̀ǹpútà yẹn o, ẹ fi dátà fóònù pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù íméèlì yín kíákíá, íméèlì lẹ máa kọ́kọ́ ṣe torí òun ni gbogbo àkáǹtì tó kù fi ń gba páswọ́ọ̀dù tuntun, lẹ́yìn ẹ̀ ló wá kan báńkì, ẹ pe báńkì gan-an kẹ́ ẹ sọ fún wọn. Bí olè bá ti gé ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ ilé yín, kẹ́ ẹ lé e jáde lónìí ò tó, àfi kẹ́ ẹ pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́.

Páswọ́ọ̀dù nìkan ò sì tó. Púpọ̀ nínú àwọn backdoor òde òní máa ń kó cookies inú bráúsà, cookies yẹn ló ń jẹ́ kí Gmail mọ̀ pé ẹ ti wọlé tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá kó o lè wọlé láìbéèrè páswọ́ọ̀dù, nígbà míì kò tiẹ̀ ní béèrè code tó ń wá sórí fóònù yín pàápàá. Torí náà ẹ wá ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kí gbogbo ẹ̀rọ tó kù jáde kúrò nínú àkáǹtì, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ lọ sí Linked devices nínú WhatsApp, kẹ́ ẹ yọ kọ̀ǹpútà yẹn kúrò níbẹ̀. Nínú Gmail, ẹ wo Filters àti Forwarding, torí wọ́n máa ń ṣètò ẹ̀ síbẹ̀ pé kí íméèlì kan máa lọ sọ́dọ̀ àwọn ní jẹ́ẹ́, kọ̀ǹpútà á ti mọ́ tán, lẹ́tà yín á ṣì máa lọ.

Mo fi èyí ṣáájú nínú ìwé yìí torí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi ọjọ́ méjì gbáko síkáànì kọ̀ǹpútà, ẹni yẹn á sì ti wà nínú íméèlì wọn látìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣé backdoor ni lóòótọ́?

Kì í ṣe gbogbo kọ̀ǹpútà tó ń lọ́ra ló ní backdoor. Fáànù tó ń pariwo, ojú ìwé tó ń pẹ́ kó tó ṣí, ìpolówó ọjà tó ń já lura wọn nínú Chrome, RAM tó kéré tàbí adware (àápù tó ń fi ìpolówó da èèyàn láàmú) ló sábà máa ń fà á, àápù kan tó ń jẹ́ AdwCleaner á kó adware yẹn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Àwọn àmì tó máa ń já mi láyà yàtọ̀: mouse tó ń rìn nígbà tí ọwọ́ ò sí lórí ẹ̀, iná kámẹ́rà tó tàn nígbà tẹ́ ò pe ẹnikẹ́ni, Defender (antivirus tó bá Windows wá) tó kú tó sì kọ̀ tí ò tàn, Task Manager tó ń ṣí tó sì ń padà dé fúnra ẹ̀, orúkọ user tuntun tẹ́ ò mọ ẹni tó dá a sílẹ̀.

Àwa tá à ń ra dátà tún ní àmì kan tó wúlò gan-an. Ẹ lọ sí Settings, Network & internet, ní Windows 11 ẹ gba Advanced network settings kọjá, ẹ máa rí Data usage, ibẹ̀ ni Windows ti ń kọ iye dátà tí àápù kọ̀ọ̀kan ti jẹ láàárín 30 ọjọ́. Tẹ́ ẹ bá rí Chrome tàbí OneDrive lókè, ó bójú mu. Tó bá jẹ́ orúkọ tẹ́ ò gbọ́ rí ló jẹ ọ̀pọ̀ dátà, ẹ ṣí Task Manager, ẹ wá orúkọ yẹn, ẹ fi right-click tẹ Open file location kẹ́ ẹ rí ibi tó ń gbé. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù ni kí wọ́n máa pe tiwọn ní svchost, torí svchost pọ̀ nínú gbogbo Windows kò sì sẹ́ni tó máa kà á. svchost gidi, inú C:\Windows\System32 ló wà. Tẹ́ ẹ bá bá a nínú AppData tàbí Temp, ẹ ti rí ẹni tẹ́ ẹ ń wá.

Ẹ tún wo Installed apps dáadáa. AnyDesk, TeamViewer, UltraViewer, nǹkan gidi ni gbogbo wọn, àwọn ilé iṣẹ́ ń lò ó, ìdí tí antivirus ò fi ní sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó pè yín lórí fóònù pé báńkì lòun ti ń pè, tó ní kẹ́ ẹ fi AnyDesk sí i kóun bá yín tún un ṣe, AnyDesk yẹn gan-an ni backdoor ẹ̀. Kò sí síkáànì kankan nínú gbogbo èyí tí mo fẹ́ kà sílẹ̀ yìí tó máa rí i bá yín. Ojú yín ló máa rí i, ọwọ́ yín ló máa yọ ọ́.

Defender: Quick, Full àti Offline

Defender ti wà nínú Windows 10 àti 11 látilẹ̀, kò gba kọ́bọ̀, ó sì ti dáa ju bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ lọ. Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ máa ń tẹ Quick scan, wọ́n á rí "No threats", wọ́n á sùn lọ. Quick scan ń wo àwọn ibi tí malware, ìyẹn àápù burúkú, fẹ́ràn jù nìkan. Full scan ń wo gbogbo fáìlì, ó lè gba wákàtí mélòó kan lórí hard disk àtijọ́, ẹni tí iná ò dúró lọ́dọ̀ ẹ̀ á ti mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí, bátìrì á kú láàárín méjì.

Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Offline scan ni mo fẹ́ràn jù fún ọ̀rọ̀ backdoor, òun sì ni ọ̀pọ̀ kì í lò. Ohun tó fi yàtọ̀ ni pé Quick àti Full ń ṣiṣẹ́ nígbà tí Windows wà lójú, backdoor náà sì wà lójú, ó ń rí wọn, ó lè fi ara pamọ́ fún wọn. Offline scan á pa kọ̀ǹpútà, á tan án padà síbi tí Windows gan-an ò tíì jí, á wá wo fáìlì nígbà tí backdoor ò lè gbéra. Bí ìṣẹ́jú 15 ni Microsoft sọ pé ó máa ń gbà, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, èyí tó bá ohun tá a ti sọ nípa jíjá íntánẹ́ẹ̀tì mu gẹ́lẹ́. Ó wà nínú Windows Security, Virus & threat protection, Scan options. Ẹ séèfù gbogbo iṣẹ́ yín kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́, torí ó máa pa gbogbo nǹkan dé.

Kẹ́ ẹ tó síkáànì rárá, ẹ wo Exclusions nínú Defender yẹn. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ fódà sí pé kí Defender má wò. Mo ti rí kọ̀ǹpútà tó jẹ́ pé gbogbo drive C ló wà níbẹ̀, Defender wà láàyè, àmì ewé tútù wà lórí ẹ̀, kò sì wo nǹkan kan. Tẹ́ ẹ bá bá ohun tẹ́ ò fi síbẹ̀, ẹ yọ ọ́, kẹ́ ẹ wá tẹ Offline.

Malwarebytes, ESET Online Scanner, MSERT

Lẹ́yìn Defender, ó dáa kí ojú kejì wò ó, torí kò sí antivirus tó mọ gbogbo nǹkan. Ibi tí ìfiwéra ti pọn dandan rèé, torí àwọn mẹ́ta yìí jọra lójú, iṣẹ́ wọn ò sì jọra.

Malwarebytes ọ̀fẹ́ á síkáànì, á sì yọ ohun tó bá rí, ṣùgbọ́n kò ní máa ṣọ́ kọ̀ǹpútà yín lẹ́yìn ẹ̀ àfi tẹ́ ẹ bá sanwó. Tẹ́ ẹ bá gba trial ẹ̀, á máa ṣọ́ fún ìgbà díẹ̀, nígbà yẹn Defender lè fà sẹ́yìn fún un, tí trial bá wá tán kẹ́ ẹ lọ wò bóyá Defender ti tàn padà. Èmi fẹ́ràn ẹ̀ fún nǹkan tó bá kíráàkì àti activator wọlé, ìyẹn àwọn ohun tí wọ́n fi ń lo àápù olówó tàbí Windows láìsanwó.

ESET Online Scanner náà ò gba owó, ojú ẹ̀ mú, ṣùgbọ́n orúkọ ẹ̀ ti sọ ọ́, ó nílò íntánẹ́ẹ̀tì láti kó ohun tó fi ń wá nǹkan wọlé. Ẹni tí backdoor ẹ̀ ṣì wà láàyè tó tún so kọ̀ǹpútà mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì fún odindi wákàtí torí ESET, mi ò gbà á nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ẹ fi sí ìgbà tí Offline scan ti rí nǹkan yọ, tẹ́ ẹ kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣẹ́ kù.

MSERT, ìyẹn Microsoft Safety Scanner, ni ọ̀pọ̀ máa ń ṣì mú. Wọ́n á fi Defender síkáànì, wọ́n á wá fi MSERT síkáànì, wọ́n á ní ojú méjì ti wò ó. Ojú kan náà ni o. Microsoft ló ni méjèèjì, ìmọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń dá malware mọ̀. Ibi tí MSERT ti wúlò ni tí wọ́n bá ti ba Defender jẹ́ débi tí ò tàn rárá: ẹ dáńlóòdù ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíì, ẹ fi fíláàṣì gbé e wá, kò sì béèrè íńsítọ́ọ̀lù. Ó lé ní 100MB, lẹ́yìn ọjọ́ 10 á kọ̀ iṣẹ́, ẹ gbọ́dọ̀ tún un dáńlóòdù, torí náà èyí tẹ́nì kan ti fi pa mọ́ sórí fíláàṣì látọdún tó kọjá ò lè ràn yín lọ́wọ́. Fíláàṣì tẹ́ ẹ bá sì ti fi bọ kọ̀ǹpútà yẹn, ẹ má fi bọ òmíì títí tẹ́ ẹ fi máa fọ́ọ̀mátì ẹ̀, backdoor bíi njRAT àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ máa ń gun fíláàṣì, àwọn fódà tó di shortcut lójijì yẹn, ẹ ti rí i rí.

Kaspersky Rescue Disk náà wà, orí fíláàṣì lẹ ti máa tan kọ̀ǹpútà, bíi Offline scan ni àmọ́ ojú ilé iṣẹ́ míì ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà, ìjọba ibẹ̀ ti fòfin de títa Kaspersky ní 2024, ọ́púdéètì ẹ̀ náà sì ti dúró níbẹ̀ láti 29 September ọdún yẹn, ẹ yan òmíì. Tó bá jẹ́ pé BitLocker, kọ́kọ́rọ́ tí Windows fi ń ti disk pa, wà lórí disk yín, ọ̀pọ̀ laptop Windows 11 ló sì ní irú ẹ̀ láìjẹ́ pé olówó ẹ̀ mọ̀, kọ́kọ́rọ́ yẹn ò ní jẹ́ kí fíláàṣì yẹn rí nǹkan kà. Ẹ fi fóònù wọ àkáǹtì Microsoft yín kẹ́ ẹ kọ recovery key, ìyẹn nọ́ńbà tó ń ṣí i, sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ọwọ́ wá a: Autoruns àti TCPView

Microsoft ló ni méjèèjì báyìí, inú àkójọ àápù tó ń jẹ́ Sysinternals ni wọ́n wà, Microsoft rà á ní 2006, ọ̀fẹ́ sì ni. Ojú ìwé Microsoft nìkan ni kẹ́ ẹ ti gbà á. Kì í ṣe antivirus, kò ní sọ fún yín pé "èyí ni olè", ohun tó wà níbẹ̀ ló máa kó jáde, ẹ̀yin lẹ máa dájọ́.

TCPView ń fi hàn yín àápù tó ń bá íntánẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́ àti àdírẹ́sì tó ń bá sọ̀rọ̀. Ó dùn wò, àmọ́ ó ti ń ṣòroó lò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní 1998 tí Back Orifice jáde, ńṣe ló máa ń ṣí port 31337 sílẹ̀ táá máa dúró de ẹni tó máa kan ilẹ̀kùn, ẹ máa rí nọ́ńbà yẹn, ẹ máa mọ̀. Èyí táwọn èèyàn ń pàdé báyìí, inú kọ̀ǹpútà yín ló ti máa ń pe ẹni tó rán an, bí bráúsà ṣe ń pe ojú ìwé náà ló ṣe ń pè é, firewall, aṣọ́nà kọ̀ǹpútà, á sì jẹ́ kó kọjá. Òmíì ń gba Telegram kó ẹrù ẹ̀ lọ, Agent Tesla wà lára wọn. Tẹ́ ẹ bá rí àdírẹ́sì Telegram nínú TCPView ẹ lè rò pé Telegram tiyín ni. Ó tún kù síbì kan: kò lè fi nǹkan kan hàn yín dáadáa àfi tí íntánẹ́ẹ̀tì bá wà.

Autoruns yàtọ̀. Gbogbo ohun tó máa jí tí kọ̀ǹpútà bá tàn ló ń kó jáde, Startup, Scheduled Tasks, Services, WMI, tó fi mọ́ àwọn kọ̀rọ̀ tí Task Manager ò ní fi hàn yín. Backdoor tó bá fẹ́ wà títí lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá pa kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ara ẹ̀ síbì kan, Autoruns sì ń wo ibi púpọ̀ jù fún un láti sá pamọ́. Ẹ fi Run as administrator ṣí i, ẹ mú Hide Microsoft Entries nínú Options kí ìwé yẹn lè kúrú. Tẹ́ ẹ bá ní íntánẹ́ẹ̀tì tó ṣe é lò, Check VirusTotal nínú Scan Options á bi àìmọye antivirus léèrè lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó bá pupa rẹ́súrẹ́sú, kò ní àmì ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ti yẹ́lò, fáìlì ẹ̀ ò sí mọ́, ẹ má fòyà. Tẹ́ ẹ bá fura sí ọ̀kan, ẹ yọ àmì tó wà níwájú ẹ̀, ẹ má tíì pa á rẹ́, ẹ tan kọ̀ǹpútà padà kẹ́ ẹ wò bóyá àmì yẹn ti padà fúnra ẹ̀. Tó bá padà, nǹkan míì wà láàyè tó ń dá a padà, ẹ jáwọ́ nínú fífi ọwọ́ wá a, ẹ lọ ka ìsàlẹ̀.

Ìdí tí mi ò fi ní kí ẹnikẹ́ni gbẹ́kẹ̀ lé Autoruns nìkan ni pé àmì ilé iṣẹ́ kì í ṣe ẹ̀rí pé nǹkan mọ́. CCleaner 5.33 ní 2017, ojú ìwé ilé iṣẹ́ tó ni ín gan-an làwọn èèyàn ti dáńlóòdù ẹ̀, àmì wọn wà lórí ẹ̀, backdoor sì wà nínú ẹ̀, mílíọ̀nù 2.27 èèyàn ló lò ó kí wọ́n tó mọ̀.

Nínú méjèèjì, tó bá jẹ́ ọ̀kan lẹ fẹ́ kọ́, ẹ kọ́ Autoruns.

Síkáànì tàbí fọ́ọ̀mátì

Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà, ibẹ̀ náà sì làwọn èèyàn ti ń bá mi jiyàn. Wọ́n á ní Defender ti rí i, ó ti yọ ọ́, kí ló tún kù? Ohun tó kù ni pé Defender sọ ohun tó rí fún yín, kò lè sọ ohun tẹ́ni yẹn ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó fi wà níbẹ̀. Ó lè ti dá user míì sílẹ̀, ó lè ti fi AnyDesk síbì kan, ó lè ti yí ètò Windows padà, kò sì sí èyí tó jẹ́ malware nínú wọn tí antivirus fi máa pariwo.

System Restore kì í ṣe oògùn ẹ̀, kò fọwọ́ kan fáìlì yín, backdoor tó wà láàárín fáìlì á sì wà níbẹ̀ digbí. Ẹ kọjá lára ẹ̀.

Reset this PC ní ọ̀nà méjì. Keep my files á yọ àwọn àápù, á dá ètò Windows padà sí tuntun, á sì fi fáìlì yín sílẹ̀, ó rọrùn, ohun tó ń jí backdoor lójoojúmọ́ á lọ, ṣùgbọ́n invoice.pdf.exe tó bẹ̀rẹ̀ gbogbo wàhálà lè ṣì wà nínú Documents, ó ń dúró de ẹni tó máa tún tẹ̀ ẹ́. Remove everything ló mọ́ jù nínú méjèèjì. Tó bá wá béèrè Cloud download tàbí Local reinstall, Local ò jẹ dátà àmọ́ Windows tó wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn náà ló máa fi tún ara ẹ̀ kọ́, Cloud á kó tuntun wá látọ̀dọ̀ Microsoft, ó lè jẹ tó 4GB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí dátà bá wà, Cloud ni tèmi.

Clean install ló ga jù. Ẹ ṣe fíláàṣì 8GB ó kéré tán lórí kọ̀ǹpútà tó mọ́, ẹ fi Media Creation Tool ti Microsoft ṣe é, ẹ tan kọ̀ǹpútà láti orí fíláàṣì yẹn, tẹ́ ẹ bá débi tó ti ń béèrè ibi tó máa wọ̀, ẹ pa gbogbo partition (ìpín inú disk) rẹ́ títí tó fi máa kọ Unallocated Space nìkan, kẹ́ ẹ tó tẹ Next. Ẹ ti kó nǹkan yín sórí disk míì kẹ́ ẹ tó ṣe é o. Ẹ̀rù tó máa ń ba àwọn èèyàn ni pé Windows àwọn máa béèrè owó. Tó bá jẹ́ pé Windows tó bá laptop wá ni, tó sì ní ìwé àṣẹ, á dá ara ẹ̀ mọ̀ tẹ́ ẹ bá ti so íntánẹ́ẹ̀tì padà, kò gba owó kankan.

Ẹ tún jọ̀ọ́, ẹ bi ẹni tó ń bá yín fọ́ọ̀mátì léèrè ohun tó máa fi sí i. Tó bá jẹ́ pé lẹ́yìn tó fọ́ọ̀mátì tán ló máa ní kẹ́ ẹ pa Defender kóun fi activator sí i, kóun tún fi Photoshop kíráàkì kún un, ó ti ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn fún wọn kẹ́ ẹ tó gbé kọ̀ǹpútà dé ilé. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Àwọn tó ń tan malware mọ̀ pé KMSPico, activator kan, làwọn èèyàn ń wá kiri, wọ́n ti fi orúkọ ẹ̀ gbé jìbìtì lọ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. LibreOffice wà lọ́fẹ̀ẹ́, Photopea wà nínú bráúsà, iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ wa ń fi kíráàkì ṣe, wọ́n á ṣe é.

Àwọn kan máa ń bẹ̀rù pé backdoor lè wà nínú motherboard gan-an, pé fọ́ọ̀mátì ò lè dé ibẹ̀. Irú ẹ̀ wà, ESET rí LoJax ní 2018, ṣùgbọ́n àwọn ìjọba àti ilé iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ń fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣí invoice tí ò yẹ kẹ́ ẹ ṣí, kì í ṣe òun ló bá yín.

Èwo ló wá yẹ ẹni tó ń ka èyí?

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi laptop kọ project, tí kò fi ṣe báńkì, tí àmì kan ṣoṣo sì wà tí Offline scan rí tó sì yọ: Offline, Malwarebytes lẹ́yìn ẹ̀, ẹ wo Autoruns lẹ́ẹ̀kan, ẹ máa ṣọ́ Data usage fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ó tó.

Oníṣòwò tó ń fi kọ̀ǹpútà yẹn san owó, tó ń gba íméèlì oníbàárà, oníṣirò owó, ẹni tó ń fi nọ́ńbà BVN tàbí NIN àwọn èèyàn sórí ẹ̀, ẹni tó ní crypto wallet níbẹ̀: ẹ má jókòó síkáànì. Clean install. Iye dátà àti ọjọ́ kan tẹ́ ẹ máa fi ṣe é ò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó oníbàárà kan tó lọ sí àkáǹtì tí ò yẹ. Wallet yẹn náà, ẹ dá tuntun sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ tó mọ́, kẹ́ ẹ kó owó ibẹ̀ lọ síbẹ̀, torí seed phrase (àwọn ọ̀rọ̀ tó ń ṣí wallet) tí wọ́n bá ti kà kò ṣe é pààrọ̀.

Kọ̀ǹpútà tí gbogbo ilé ń lò, tọ́mọdé ń fi ṣeré, tí bàbá ń fi ṣe báńkì: ẹ ka ti bàbá sí, fọ́ọ̀mátì ni. Lẹ́yìn ẹ̀, ẹ fún ọmọ ní user tiẹ̀ tí kì í ṣe administrator, kó má lè íńsítọ́ọ̀lù ohunkóhun láìbéèrè.

Ti business center, kì í ṣe tiyín, ẹ ò lè tún un ṣe. Ẹ kàn má fi wọ báńkì.

Ẹni tó bá sì ṣì wà lórí Windows 10, ìtọ́jú ọ̀fẹ́ ẹ̀ parí ní 14 October 2025, àfi tẹ́ ẹ bá ti forúkọ sílẹ̀ fún ESU, ìyẹn àfikún ìtọ́jú látọ̀dọ̀ Microsoft. Tí kọ̀ǹpútà yín bá gba Windows 11, ìgbà tẹ́ ẹ bá ń fọ́ọ̀mátì yìí ni kẹ́ ẹ kúkú gbé e lọ síbẹ̀.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń dá fáìlì padà

Ẹ má dá gbogbo ẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kan náà. Fọ́tò, PDF, Word tí orúkọ ẹ̀ parí sí .docx, ìyẹn lè padà. Ohunkóhun tó bá parí sí .exe, .scr, .bat, .vbs, .js, .lnk, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀, .docm náà, àfi tó bá jẹ́ ẹ̀yin gan-an lẹ kọ macro, ìyẹn àṣẹ tó lè ṣiṣẹ́ fúnra ẹ̀, sínú ẹ̀. Kẹ́ ẹ sì lè máa rí àwọn ìparí orúkọ yẹn, ẹ ṣí File Explorer, View, Show, ẹ mú File name extensions, torí Windows máa ń fi wọ́n pamọ́ látilẹ̀, ohun tó jẹ́ invoice.pdf.exe á máa jọ invoice.pdf lójú yín. Ẹ wá fi Defender síkáànì disk tẹ́ ẹ kó nǹkan sí kẹ́ ẹ tó ṣí fáìlì kan nínú ẹ̀. Tí ojú ìwé kankan bá sì ní kẹ́ ẹ tẹ Windows àti R kẹ́ ẹ lẹ ohun kan síbẹ̀ láti fi hàn pé èèyàn ni yín, ẹ pa á dé kíákíá, ọ̀kan lára ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé gan-an láti 2024 nìyẹn, kò sì sí captcha gidi kankan tó ń béèrè bẹ́ẹ̀.